Nǹkan Kejì Tí Bàbá Má-Jí-I Fún Abala Kẹrin

Ní ọjọ́ tí wọ́n wa ọ̀dùnkún ọdún kẹta, lójú àwọn ọ̀gá mẹ́rin tó ti olú ilé iṣẹ́ wá pẹ̀lú bàtà dídán, abala tí wọn kò fún lóúnjẹ rárá ló ta jù. Wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n, òṣùwọ̀n fò sókè. Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n gbọn òṣùwọ̀n, wọ́n tún gbé e padà. Ibi kan náà ló lọ. Ọ̀gá Oko, obìnrin tó ni ìwádìí náà, wo ọ̀dùnkún abala kẹrin. Ó wo abala kìn-ín-ní, tí ewé rẹ̀ pọ̀ débi pé ewúrẹ́ lè sọnù sínú rẹ̀, àmọ́ tí ohun tó wà nísàlẹ̀ kò tóbi ju ìka ọwọ́ lọ. Ó yíjú sí bàbá tó ń tọ́jú ilẹ̀ náà.

"Bàbá, kí lẹ fún abala yìí?"

Bàbá wo ilẹ̀. "Kí lẹ ní kí n fún un, mà?"

"Mo ní kí ẹ má fún un ní nǹkan kan!"

"Mi ò kúkú fún un ní nǹkan kan, mà. Nǹkan méjì ni mo fún un."

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi já bọ́ sínú poro. Títí di òní, ẹni tó bá fẹ́ pa òṣìṣẹ́ oko náà lẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Oko kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́ lójú rẹ̀ yẹn.

Ìwádìí náà kò le láti ṣàlàyé. Wọ́n fẹ́ mọ irú ajílẹ̀ tó ń jẹ́ kí ọ̀dùnkún ta dáadáa, àti ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe sí ilẹ̀ tó bá yá. Wọ́n pín ilẹ̀ sí abala mẹ́rin. Yùríà nìkan ni wọ́n ń fún abala kìn-ín-ní. Ajílẹ̀ àpò tí wọ́n po pọ́táṣì mọ́ ni wọ́n ń fún èkejì. Ìkẹta ń jẹ ìgbẹ́ adìyẹ. Ìkẹrin kò gbọdọ̀ jẹ ohunkóhun, torí òun ni ẹlẹ́rìí. Bí èèyàn kò bá mọ ohun tí ilẹ̀ lè ṣe fúnra rẹ̀, kò sí ajílẹ̀ tó lè yìn, kò sì sí èyí tó lè bú. Ẹlẹ́rìí yìí ni Bàbá ti ń bọ́ ní kọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́ta.

Nígbà tí àwọn àlejò ti lọ, wọ́n pè é sí ọ́fíìsì.

"Ọ̀gá," ó ní, "ẹ gbé oúnjẹ fún ẹni mẹ́ta, ẹ ní kí ìkẹrin máa wò wọ́n lẹ́nu. Nílé ta ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ilẹ̀ ni, Bàbá! Kì í ṣe èèyàn!"

"Ọ̀dọ̀ ilẹ̀ náà la ń lọ gbẹ̀yìn, mà. Ó yẹ ká ti máa bá a rẹ́ díẹ̀díẹ̀."

Ó jẹ́wọ́ nǹkan kìn-ín-ní: ìgbẹ́ adìyẹ, apẹ̀rẹ̀ méjì lọ́dún, láti inú ilé adìyẹ ìyàwó rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ẹnu láti sọ ìkejì ni Ọ̀gá Oko na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn. "Ẹ má dé ibi ilẹ̀ yẹn mọ́ láéláé. Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ni kí ẹ lọ máa ṣọ́ láti òní lọ." Bàbá pa ẹnu dé. Ẹyin lohùn, àwọn àgbà sì ti sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹyin tó bá bọ́.

Kì í ṣe pé ọkùnrin náà jẹ́ aláìgbọràn. Kàkà bẹ́ẹ̀, ìgbọràn tirẹ̀ ti pọ̀ jù. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe jáde lẹ́nu èèyàn gẹ́lẹ́ ló ṣe ń gbà á. Nígbà kan, wọ́n ní kó bá wọn fojú sí òṣùwọ̀n fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n bá a lórí ìbẹ̀rẹ̀, tó gbé ojú ọ̀tún lé gíláàsì òṣùwọ̀n, tí omijé ń dà lójú rẹ̀. Ó ní ojú kan ni òun fi sí i, kí ìkejì lè sinmi.

Bó ṣe gba orúkọ rẹ̀ náà nìyẹn. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọṣẹ́, ọkùnrin tó ń tọ́jú ilé ẹrù gbé àpò kan lé e lórí.

"Kí lorúkọ èyí?" Bàbá bi í.

"Ajílẹ̀ ni."

"Ta ló sọ fún yín pé ilẹ̀ ń sùn?"

"Bàbá, orúkọ lásán ni."

"Orúkọ kì í ṣe lásán. Bí ilẹ̀ bá ń sùn, á jẹ́ pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ̀ ń jí i, ẹ̀ ń jí i. Ọjọ́ tí ẹ bá jí i tí kò dìde mọ́ ńkọ́?"

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Bàbá Má-Jí-I, orúkọ yìí sì dé inú ìwé òṣìṣẹ́. Bó bá ru àpò yùríà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ abala kẹrin, orí ìka ẹsẹ̀ ló máa ń rìn, á sì fi ọwọ́ sẹ́nu fún àwọn tó kù pé kí wọ́n rọra. Nígbà tí abala kìn-ín-ní bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ewé bí ẹni pé wọ́n fi ṣépè fún un, tí kò sì ta, àlàyé tirẹ̀ kò pọ̀. "Wọ́n jí i lójijì. Ó ń jó kiri, ó ti gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ jí i." Aláyẹ̀wò, ọkùnrin tó ń yẹ ilẹ̀ wò fún wọn nínú yàrá ẹ̀rọ, lo ojú ìwé méjìlá láti sọ ohun kan náà.

Ọ̀rọ̀ òun àti Aláyẹ̀wò yìí kò wọ̀ títí. Lọ́dún kejì, Bàbá bu erùpẹ̀ abala kìn-ín-ní sórí ahọ́n, ó tutọ́, ó ní, "Ilẹ̀ yìí ti ń kan." Aláyẹ̀wò pòṣé pé ẹnu kì í ṣe ẹ̀rọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ní ilẹ̀ náà ti kan, pé yùríà ló fà á. Aláyẹ̀wò wá a lọ sí ìdí ilé ẹrù.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n, Bàbá?"

"Ẹ̀rọ tiyín ń lo iná. Tèmi ń lo itọ́."

Lẹ́yìn ìgbà náà, bí iná bá lọ, Aláyẹ̀wò á wo ọ̀tún, á wo òsì, á sì pe Bàbá sẹ́yìn ilé pẹ̀lú ṣíbí erùpẹ̀ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí Ọ̀gá Oko fẹ́ràn jù lára rẹ̀ kò ní í ṣe pẹ̀lú ilẹ̀. Láti àárọ̀ títí di aago mẹ́rin, "ẹ" ni Bàbá ń bá a sọ. "Ọ̀gá, ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jókòó, mà." Kété tí aago ìparí iṣẹ́ bá ti lù, ọ̀rọ̀ yí padà. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti jẹun? Wo bó o ṣe rù." Ẹnì kan bi í pé irú ìwà wo nìyẹn. Ó ní kí aago mẹ́rin tó lù, ọ̀gá òun ni. Bó bá ti lù, ó kéré sí àbíkẹ́yìn òun. Bàbá tó bí Ọ̀gá Oko ti kú kó tó parí ilé ìwé, kò sì sí ẹni tó tún ń pè é ní "ìwọ" bẹ́ẹ̀ láyé. Ó máa ń ṣe bí ẹni pé inú ń bí i. Síbẹ̀, ó máa ń rọra di báàgì rẹ̀ títí aago yóò fi lù.

Nígbà tí wọ́n wá gbé Bàbá lọ sẹ́nu ọ̀nà, "ẹ" àárọ̀ kò yí padà mọ́. "Ẹ káàárọ̀, mà." Aago mẹ́rin á lù. "Ẹ rọra máa lọ o, mà." Ohùn rẹ̀ tutù, ó sì bọ̀wọ̀ fún un. Ọ̀wọ̀ náà dà bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú bàtà: ó kéré, àmọ́ kò jẹ́ kó rìn dáadáa délé.

Bàbá kò sì yí padà ní ti ìgbọràn. Ọkọ̀ tó kó ajílẹ̀ wá dúró síta fún wákàtí kan gbáko.

"Ajílẹ̀ ni mo kó," awakọ̀ ní.

"Ṣé ilẹ̀ ló ránṣẹ́ pè ọ́?"

"Bàbá, ẹ ṣílẹ̀kùn!"

"Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ẹni tí wọn ò ránṣẹ́ pè wọlé. Mo ń bi ọ́."

Àsìkò òjò ni. Orí ìjókòó onígi kan báyìí ló máa ń wà, láìdé fìlà, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò rí i rí láìdé fìlà kó tó dìgbà náà. Omi á máa ṣàn lórí rẹ̀ wọnú ọrùn ẹ̀wù. Ọ̀gá Oko rò pé ńṣe ló ń fi ìyẹn dójú ti òun lójú àwọn tó ń kọjá. Ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Lẹ́yìn oṣù kan, ìwé dé láti olú ilé iṣẹ́. Kí Ọ̀gá Oko sọ ohun tí abala kẹrin jẹ, kó sì sọ bó ṣe pọ̀ tó, kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìwádìí ti di asán, wọn yóò sì ti oko náà pa. Òṣìṣẹ́ mẹ́tàlélógún ló ń jẹun níbẹ̀. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé agbòjò, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, kí ni nǹkan kejì yẹn?"

"Ẹ lọ kúnlẹ̀ ní abala kẹrin, mà. Ẹ ó rí i."

"Kí n kúnlẹ̀? Fún ilẹ̀? Lójú àwọn òṣìṣẹ́ mi?"

"Kò gbà ju orúnkún méjì lọ, mà."

"Ṣé ẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Ẹ bá mi débẹ̀, kí ẹ fi hàn mí."

"Ẹ ti ní kí n má débẹ̀ mọ́ láéláé, mà."

Ó pòṣé, ó padà sí ọ́fíìsì. Ó tún lọ lọ́sẹ̀ kejì, ìdáhùn kan náà ló gbà: orúnkún méjì. Ó dá a lójú pé bàbá náà fẹ́ rí òun lórí ìkúnlẹ̀ kó tó gbà pé wọ́n ti bẹ òun. Ó ní òun kò ní ṣe é. Orí kunkun pàdé orí kunkun, oṣù sì ń lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìjókòó ẹnu ọ̀nà ṣófo. Wọ́n ní àyà ló ń dùn ún. Ọ̀gá Oko lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ kejì, ní àárọ̀. Ìyàwó Bàbá jókòó sórí àpótí kékeré lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó ń ká aṣọ kan tó ti ká tẹ́lẹ̀. Fèrèsé tó wà lókè orí aláìsàn kò ṣeé tì. Ìbéèrè ti wà lẹ́nu Ọ̀gá Oko: kí ni nǹkan kejì, mélòó ló jẹ́? Bàbá la ojú, ó wò ó pẹ́.

"Ìwọ ọmọ yìí," ó ní, "ṣé o ti jẹun?"

Ọ̀gá Oko gbé ojú sókè wo aago ara ògiri. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni. Ó rò pé àìsàn ló mú kó ṣi àkókò kà.

"Mo ti jẹun, Bàbá."

"Irọ́ lò ń pa." Ó sì sùn lọ.

Ọ̀gá Oko gbé báàgì rẹ̀. Ó ní òun á padà wá lọ́la. Lọ́la, bẹ́ẹ̀dì náà ti ní aṣọ tuntun, ẹlòmíràn ló sì wà lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n wá fìlà Bàbá títí, wọn kò rí i. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà ni mi ò ti rí i," ìyàwó rẹ̀ ní. "Tí mo bá bi í, á ní ó wà níbi iṣẹ́." Aládùúgbò kan yá wọn ní tirẹ̀. Orí aládùúgbò tóbi. Bí wọ́n ṣe dé e fún Bàbá, ó yọ́ wálẹ̀ bò ó lójú dé imú, bí ẹni tó ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má jí òun. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wá sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbé e jókòó.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí oṣù parí. Òjò wẹliwẹli ń rọ̀, Ọ̀gá Oko sì ti ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa lọ sílé. Ó mú irin tí wọ́n fi ń gbẹ́ erùpẹ̀ fún àyẹ̀wò, ó dá lọ sí abala kẹrin láti bu èyí tó kẹ́yìn. Irin náà kò wọlẹ̀ bí èèyàn bá dúró. Àwọn òṣìṣẹ́ ló sábà máa ń ṣe é, kò fìgbà kan rò ó pé wọ́n ń kúnlẹ̀. Ó fi orúnkún kan kanlẹ̀, ó fi ìkejì kanlẹ̀. Ẹrẹ̀ tutù wọnú aṣọ rẹ̀. Nígbà tó sì ti débẹ̀ ná, ó sọ ọ́ jáde. "Ẹ má bínú." Kò mọ ẹni tí òun ń sọ ọ́ fún gan-an.

Ó gbójú sókè, ó rí ẹ̀yìn pákó tí wọ́n kọ nọ́ńbà abala náà sí. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ẹni tó dúró kò lè rí, wọ́n ti fi ìṣó ha ìlà sára rẹ̀: ìlà mẹ́fà, ìlà mẹ́fà, ìlà mẹ́fà. Ìdí pákó náà ni ike ọ̀dà kan wà, wọ́n rì í dé ọrùn, wọ́n sì fi ìtàkùn gbígbẹ bo ìdérí rẹ̀. Ó ṣí i. Fìlà Bàbá ló wà nínú rẹ̀, eérú sì kún inú fìlà náà dé etí.

Ó jókòó sínú ẹrẹ̀, ó sì gbọ́ ẹ̀rín ara rẹ̀. *Ẹ lọ kúnlẹ̀, ẹ ó rí i.* Kò sí yẹ̀yẹ́ níbẹ̀, kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀nà ni Bàbá ń júwe fún un. Ẹ̀rín náà kò tíì tán tó fi rántí ọ̀rọ̀ kejì: *Ẹ ti ní kí n má débẹ̀ mọ́.* Ó rántí orí àgbàlagbà nínú òjò láìdé fìlà, oṣù kan àti ààbọ̀. Dókítà ti sọ pé ọjọ́ pẹ́ tí àyà náà ti ń ṣe é, pé kì í ṣe ọ̀ràn òjò. Ó dì í mú bí ó ti lè ṣe, àmọ́ kò lè fi ọ̀rọ̀ dókítà nu ojú rẹ̀ gbẹ.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé fìlà náà fún ìyá àgbàlagbà tó máa ń gé ìtàkùn ọ̀dùnkún fún gbígbìn. Ìyá gbóòórùn eérú náà.

"Ti abala kìn-ín-ní ni. Bí a bá jó ewé tí a gé lára rẹ̀, ó máa ń gbá eérú rẹ̀ jọ. Ó ní ẹni tó jẹ àjẹyó ló yẹ kó bù fún ẹni tí ebi ń pa. Fìlà yìí ló fi ń bù ú, èyí ló sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bù lọ́jọ́ tí ẹ pè é sí ọ́fíìsì."

"Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ẹ ò bi mí, mà. Bàbá nìkan lẹ̀ ń bi."

Aláyẹ̀wò kọ́kọ́ wọn fìlà lófìfo, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó da eérú padà sínú rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n, ó sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́fà, bí ìlà ẹ̀yìn pákó ṣe wí fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ erùpẹ̀ wò. Pọ́táṣì tí eérú kó wọ inú abala kẹrin ju ti àwọn yòókù lọ, ilẹ̀ rẹ̀ kò kan, ohun tó sì ń mú ọ̀dùnkún ta nísàlẹ̀ dípò kó máa yọ ewé lókè náà nìyẹn. Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú bó ṣe ń kà á jáde. Ó ní eérú ló kó sí òun lójú. Ọ̀gá Oko kò bá a jiyàn.

Ọjọ́ náà ló kọ ìròyìn rẹ̀ tán. Níbi tí wọ́n ní kó kọ ohun tí abala kẹrin jẹ, ó kọ ọ́ láìbo ọ̀kankan: ìgbẹ́ adìyẹ apẹ̀rẹ̀ méjì, eérú fìlà mẹ́fà, lọ́dọọdún. Ó ń fi òǹtẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni aago mẹ́rin lù. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó rántí aago ara ògiri ọsibítù, aago mẹ́wàá àárọ̀. Bàbá kò ṣi àkókò kà. Àkókò ìparí iṣẹ́ tirẹ̀ ló ti tó, ó sì padà sí "ìwọ" lójú ẹsẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

Olú ilé iṣẹ́ fún wọn ní ọdún kan sí i, kí wọ́n tún un ṣe lórí ilẹ̀ tuntun. Ọ̀gá Oko dá fìlà padà fún ìyàwó Bàbá. Ìyàwó wò ó, ó ní òun kò ní fọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ ìgbìn, gbogbo wọn pé jọ síbi abala mẹ́rin tuntun. Ìyá tó ń gé ìtàkùn bèèrè pé, "Ọ̀gá, ìkẹrin yìí ńkọ́?"

"Ẹ má fún un ní nǹkan..." Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ó tún un sọ, díẹ̀díẹ̀: "Ẹ má fún un ní ohunkóhun. Ì báà jẹ́ ẹyọ kan, ì báà jẹ́ méjì."

"Bàbá ì bá fún un ní mẹ́ta," ìyá náà ní.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi rẹ̀ wọ́n, tí kálukú sì wá ń wo ọkọ́ ọwọ́ ara rẹ̀.

Aago mẹ́rin lù. Àwọn òṣìṣẹ́ gbọn ẹrẹ̀ nù lẹ́sẹ̀, wọ́n ń lọ ní méjì-méjì. Ọ̀gá Oko di báàgì rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ abala kẹrin kọjá, orí ìka ẹsẹ̀ ló sì ń rìn kó tó mọ̀. Ó dúró.

"Ìwọ abala yìí," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ṣé o ti jẹun?"

Ó mọ̀ pé kò jẹun. Òun ló kúkú ní kí wọ́n má fún un. Ó gbé báàgì kalẹ̀, ó sì dúró tì í fún ìgbà díẹ̀, kí ebi má baà máa pa á lóun nìkan.